Koríko ẹlẹ́wà fún iwájú ilé: ṣé Pennisetum àti Cenchrus kì í ṣe ohun kan náà?

ÌyáÒkèFìà:
Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin ará ilé. Mo ń tún iwájú ilé wa ṣe ní Òkè-Fìà, l'Óṣogbo, láàárín géètì sí ẹnu ọ̀nà pálọ̀. Mi ò fẹ́ òdòdó tí màá máa bomi rin láàárọ̀ lálẹ́, ìdí nìyẹn tí ọkàn mi fi lọ sọ́dọ̀ koríko aláwọ̀ pọ́pù yẹn, èyí tó ń yọ ìrù gígùn tó máa ń fì tí atẹ́gùn bá fẹ́. Ibi méjì ni mo ti rí i rà. Olódòdó kan lẹ́bàá títì kọ "Pennisetum Rubrum" sára tiẹ̀. Èkejì kọ "Cenchrus", owó tiẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì. Ó ní tòun ni ojúlówó, pé èyí tí wọ́n kọ Pennisetum sí lára, ayé ìgbà kan ni. Mo wo méjèèjì títí, mi ò rí ìyàtọ̀. Àbúrò ọkọ mi tún dá sí i, ó ní èèsún lásán ni, pé kí n má fọwọ́ ara mi gbin ilé ejò síwájú ilé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ là mí lọ́yẹ̀. Ṣé koríko kan náà ni? Ṣé èèsún ni? Ṣé kò ní gba gbogbo àgbàlá mọ́ mi lọ́wọ́?

OlódòdóAyétòrò:
Ẹ kú àmójútó ilé, Mọ̀mí. Iṣẹ́ òdòdó ni mò ń ṣe jẹun. Koríko kan náà ni, orúkọ ló yí padà. Ẹ má san kọ́bọ̀ kan lé e nítorí orúkọ. Ohun tó yẹ kó mú kí owó ju owó lọ ni bí ìdí koríko ṣe pọ̀ tó nínú ike àti bí gbòǹgbò rẹ̀ ṣe dì mọ́ ilẹ̀ inú ike náà. Ẹ ní kí ẹni tó ń tà á fà á yọ díẹ̀ kí ẹ rí i. Èyí tó bá jẹ́ pé àná ni wọ́n pín in sínú ike, ilẹ̀ á já bọ́ lára rẹ̀.

ÀgbàÒkèBáálẹ̀:
Ẹ rọra o. Mo ṣiṣẹ́ ní Sókótó fún ọ̀pọ̀ ọdún kí n tó fẹ̀yìn tì wálé. Cenchrus tí èmi mọ̀ ni koríko ẹlẹ́gùn-ún tí àwọn Hausa ń pè ní karangiya. Tí ẹ bá rìn kọjá níbi tó wà, gbogbo etí ṣòkòtò yín ni hóró rẹ̀ á lẹ̀ mọ́, tí ẹ bá sì fẹ́ yọ ọ́, á gún yín lọ́wọ́. Ní àsìkò ìyàn, wọ́n máa ń gbá hóró rẹ̀ jọ, wọ́n á gún un, wọ́n á jẹ ẹ́. Ta ni yóò gbin irú nǹkan bẹ́ẹ̀ síwájú ilé? Ìrù koríko tí obìnrin yìí ń sọ rọ̀, kò ní ẹ̀gún kankan. Mi ò rí bí wọ́n ṣe lè jẹ́ ọ̀kan.

Olùkọ́Ewéko:
Bàbá, ẹ ò ṣìnà rárá. Karangiya yẹn ni wọ́n ń pè ní Cenchrus biflorus, ojúlówó Cenchrus sì ni. Ẹ jẹ́ kí n tú ọ̀rọ̀ náà palẹ̀, torí ibi tí ẹ fọwọ́ kàn yẹn gan-an ni gbogbo àríyànjiyàn ti bẹ̀rẹ̀.

Orúkọ méjì ni àwọn onímọ̀ ewéko máa ń fún ohun ọ̀gbìn kọ̀ọ̀kan. Èyí àkọ́kọ́ ni ti ìran tó ti wá, bí orúkọ bàbá. Èkejì ni tirẹ̀ gan-an, bí orúkọ àbísọ. Linnaeus, ará Sweden, ló kọ ìran Cenchrus sílẹ̀ ní 1753. Ìran Pennisetum dé ní 1805, látọwọ́ Richard, ará Faransé. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń pín koríko sáàárín ìran méjèèjì, irun tó yí hóró wọn ká ni wọ́n sì fi ń pín wọn.

Ẹni tó bá fẹ́ fojú ara rẹ̀ rí i, kó já ìrù èèsún kan lẹ́bàá ọ̀nà, kó fi èékánná bọ́ hóró kan lára rẹ̀, kó gbé e sí àtẹ́lẹwọ́ níbi tí oòrùn wà. Yóò rí irun wínníwínní tó yí hóró náà ká, ọ̀kan gùn ju ìyókù lọ, irun kọ̀ọ̀kan sì dá dúró láti ìdí wá. Tí irun bá ti dá dúró báyìí, wọ́n á ní Pennisetum ni. Kó wá mú hóró karangiya. Irun kan náà ni, àmọ́ ó ti le, ó ti fẹ̀, ìdí wọn ti lẹ̀ pọ̀ di ife kékeré tó gbé hóró mì sínú. Ṣóńṣó irun tó ti le yẹn ló ń gún Bàbá lọ́wọ́. Ìyẹn ni wọ́n ń pè ní Cenchrus.

Ó dáa bẹ́ẹ̀, àfi pé àwọn kan wà tí irun wọn lẹ̀ pọ̀ díẹ̀ ní ìdí, tí òkè rẹ̀ sì dá dúró. Koríko kan wà tí àwọn darandaran fẹ́ràn, tó ń hù níbi tí òjò ò ti pọ̀. Linnaeus pè é ní Cenchrus ciliaris ní 1771. Link, ará Jámánì, gbé e lọ sínú Pennisetum ní 1827. Láti ìgbà yẹn, ìwé kan á kọ Cenchrus, ìwé mìíràn á kọ Pennisetum, koríko kan ṣoṣo! Ìyẹn nìkan ti fi hàn pé ògiri tó wà láàárín ìran méjèèjì kò lágbára.

Ní 2010 ni àwọn onímọ̀ kan láti Argentina, pẹ̀lú Elizabeth Kellogg ará Amẹ́ríkà, gbé èsì iṣẹ́ wọn jáde. Wọ́n yẹ DNA, ìyẹn àmì ìran tó wà nínú ara, àwọn koríko yìí wò pa pọ̀ mọ́ bí ara wọn ṣe rí. Ohun tí wọ́n rí ni pé inú Pennisetum gan-an ni Cenchrus ti yọ jáde. Àwọn Pennisetum kan tan mọ́ Cenchrus ju bí wọ́n ṣe tan mọ́ àwọn Pennisetum yòókù lọ. Tó bá rí bẹ́ẹ̀, a ò lè yọ Cenchrus sọ́tọ̀ ká tún máa pe ìyókù ní ìran kan. Wọ́n kó wọn pọ̀, wọ́n sì fi Odontelytrum kún un, ìran koríko Ìlà-Oòrùn Áfíríkà tí kò ní ju ẹ̀yà kan ṣoṣo lọ.

Orúkọ wo ni kó wá kù? Òfin wọn ni pé èyí tó pẹ́ jù ló ń jókòó. 1753 ṣáájú 1805, nítorí náà Pennisetum wọ abẹ́ Cenchrus. Ìran yìí ti wá lé ní 100 ẹ̀yà báyìí. Tí ẹ bá rí "Morrone" lẹ́yìn ọ̀pọ̀ nínú àwọn orúkọ tuntun náà, Osvaldo Morrone ni, ọ̀kan nínú àwọn ará Argentina yẹn, òun ló kọ wọ́n sínú ilé tuntun.

ÀgbàÒkèBáálẹ̀:
Olùkọ́, o ṣé. Ó ti yé mi. Ẹ̀gún karangiya àti irun èèsún, ohun kan náà ni.

Olùkọ́Ewéko:
Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Ẹ̀yin lẹ tilẹ̀ là á jù mí lọ.

ÌyáÒkèFìà:
Ẹ ṣé gan-an ni. Ṣùgbọ́n èèsún ńkọ́? Àbúrò ọkọ mi ò tíì gbà o.

BàbáElẹ́ran:
Èmi tí mò ń gbin èèsún fún ewúrẹ́ àti àgùntàn, ẹ jẹ́ kí n dáhùn ìyẹn. Àbúrò ọkọ yín sún mọ́ òtítọ́, àmọ́ kò débẹ̀. Mọ̀lẹ́bí ni wọ́n. Èèsún ni Pennisetum purpureum àtijọ́, tó ti di Cenchrus purpureus. Koríko ilẹ̀ Áfíríkà tiwa ni. Schumacher, ará Denmark, ló kọ́kọ́ fún un lórúkọ ìwé ní 1827 nínú ìwé tó kọ nípa ewéko Guinea.

Bí ẹ ṣe máa mọ̀ wọ́n yàtọ̀ nìyí. Ẹ di igi rẹ̀ mú. Igi èèsún nípọn, ó ní oríkèé bíi ti ìrèké, ó sì lè ga ju ènìyàn méjì tó gun ara wọn lé èjìká lọ. Ewé rẹ̀ fẹ̀, etí ewé náà sì mú, ó máa ń ya ni lọ́wọ́. Èyí tí ẹ fẹ́ rà, igi rẹ̀ tín-ínrín, ewé rẹ̀ kò fẹ̀ ju ìka kékeré lọ, gíga rẹ̀ kì í sábà ju àyà ènìyàn lọ, ìrù rẹ̀ sì máa ń tẹ̀ wálẹ̀. Ìrù èèsún nàró gbọnrangandan ni.

Kìkì ohun kan: èèsún pọ́pù wà o. Wọ́n ti yan àwọn kan tí ewé wọn dúdú dáadáa, wọ́n sì ń tà wọ́n fún ẹwà. Tí ẹ bá rí koríko pọ́pù tí igi rẹ̀ nípọn tó àtàǹpàkò, èèsún ni, ohunkóhun tó wù kí wọ́n kọ sí i lára. Á ga ju fẹ́ǹsì yín lọ.

Ẹ tún gbọ́ èyí. Jéró, èyí tí wọ́n fi ń ṣe fùrá, inú ìran yìí kan náà ló wà. Ó ti lé ní 4,000 ọdún tí wọ́n ti ń gbìn ín létí aṣálẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà níbí. Èèsún àti jéró sún mọ́ra débi pé wọ́n lè gboyún fún ara wọn. Ọmọ tí wọ́n bá bí máa ń dàgbà, ewé rẹ̀ máa ń pọ̀, ẹran sì fẹ́ràn rẹ̀, ṣùgbọ́n kì í so hóró tó lè hù.

Olùkọ́Ewéko:
Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni, ẹ̀gbọ́n. Ohun tó fà á ni pé krómósómù jéró, àwọn okùn wínníwínní tó gbé àmì ìran nínú ara, jẹ́ 14, ti èèsún jẹ́ 28, ọmọ wọn sì ní 21. Iye yẹn kò ṣeé pín sí méjì dọ́gba, ìdí nìyẹn tó fi yàgàn. Jéró kan tilẹ̀ wà fún ẹwà, "Purple Majesty", ewé àti ìrù rẹ̀ pọ́pù bí ẹ̀jẹ̀ tó dì. Ó gba àmì-ẹ̀yẹ wúrà All-America Selections, àjọ tó ń dán ohun ọ̀gbìn tuntun wò ní Amẹ́ríkà, ní 2003. Ó rẹwà lóòótọ́, àmọ́ ọdún kan ló ń lò, kì í ṣe èyí tó ń sọjí fúnra rẹ̀ lọ́dọọdún tí Mọ̀mí ń wá.

Tí a bá gòkè díẹ̀ sí i, gbogbo wọn wà nínú Poaceae, ẹbí koríko, tí ẹ̀yà rẹ̀ tó nǹkan bí 12,000. Àgbàdo, ọkà bàbà àti ìrèké wà níbẹ̀. Ìrẹsì àti ọparun náà wà níbẹ̀. Àwọn mẹ́ta àkọ́kọ́ sún mọ́ Cenchrus ju àwọn méjì tó kẹ́yìn lọ. Koríko ọba tí a ń sè mu náà wà lọ́dọ̀ àwọn àgbàdo yẹn.

ỌmọỌ̀ṣun:
Ẹ kú àlàyé. Ọkàn mi kò balẹ̀ pẹ̀lú ọ̀rọ̀ gbígbìn yìí ṣá. Ìlú tó ní odò, tó ní igbó Ọ̀ṣun, igbó tí UNESCO kọ sínú ìwé ohun-ìní àgbáyé ní 2005, kò yẹ kí a máa kó koríko àjèjì wọ̀ ọ́ láìbéèrè. Mo kà pé irú koríko yìí ti di ìyọnu níbòmíì. Atẹ́gùn á gbé hóró rẹ̀ lọ, ọ̀gbàrá á gbé e lọ, ó di etí odò. Ṣé ẹ ti rò ó débẹ̀?

Olùkọ́Ewéko:
Inú mi dùn pé ẹ mú èyí wá, torí òun gan-an ló wà lọ́kàn mi jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí.

Koríko tí ẹ kà nípa rẹ̀ ni Pennisetum setaceum, tó ti di Cenchrus setaceus. Aláwọ̀ ewé ni, ìrù rẹ̀ pupa rẹ́súrẹ́sú tàbí funfun. Àríwá Áfíríkà, Ìlà-Oòrùn Áfíríkà àti agbègbè Lárúbáwá ni ilé rẹ̀. Wọ́n gbé e lọ sí Hawaii, Arizona, California àti erékùṣù Canary nítorí ẹwà. Ó bọ́ lọ́wọ́ wọn. Kò nílò akọ kó tó so hóró, hóró náà ń hù, irun tó yí i ká ló sì ń bá atẹ́gùn fò. Ní Hawaii, tó bá gbẹ, iná máa ń gba inú rẹ̀ jó dé ibi tí iná kì í jó tẹ́lẹ̀. Òun ló sì máa ń kọ́kọ́ sọjí lẹ́yìn iná, tí igi ìbílẹ̀ ibẹ̀ ò sì ní sọjí mọ́. Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù kọ ọ́ sínú ìwé ewéko tí wọn ò gbọ́dọ̀ tà ní 2017. Ilẹ̀ tiwa náà ti fi irú rẹ̀ ránṣẹ́ sí wọn: Cenchrus polystachios, tó ń hù lẹ́bàá títì níhìn-ín láìyọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu, ti di ìṣòro ńlá ní àríwá Australia.

Rubrum tó jẹ́ pọ́pù, ọ̀tọ̀ ni tirẹ̀. Ó pẹ́ tí wọ́n ti ń kà á mọ́ setaceum. Ní 1999, Wipff àti Veldkamp yọ ọ́ kúrò níbẹ̀, wọ́n sọ ọ́ ní Pennisetum advena. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi lè bá orúkọ mẹ́ta lára koríko kan ṣoṣo lọ́dọ̀ àwọn olódòdó. Ohun tó kàn wá níbẹ̀ ni pé Rubrum kì í sábà so hóró tó ń hù. Pípín ìdí rẹ̀ ni wọ́n fi ń sọ ọ́ di púpọ̀. Nítorí náà, tí ẹ bá fẹ́ ẹwà yìí nílùú olódò bíi tiwa, Rubrum ni kí ẹ gbìn. Èyí aláwọ̀ ewé tó ń so hóró, ẹ fi sílẹ̀, bó ti wù kí owó rẹ̀ kéré tó.

ÌyáÒkèFìà:
Háà! Ẹ jẹ́ kí n sọ nǹkan kan nígbà náà. Ọ̀kan nínú àwọn tó ń tà á sọ fún mi pé tí owó ike bá pọ̀ jù, òun ní hóró rẹ̀ nínú páálí, pé kí n fọ́n ọn sílẹ̀, á hù.

OlódòdóAyétòrò:
Mọ̀mí, ẹ má rà á o! Ẹni tó bá ń ta hóró "Rubrum", kì í ṣe Rubrum ló ń tà. Bóyá jéró pọ́pù ni, bóyá setaceum tí Olùkọ́ ń sọ yẹn ni. Èyí tó bá hù láti inú hóró, tó sì jáde ní aláwọ̀ ewé, ẹ hú u tìdí tìdí kó tó yọ ìrù. Ìdí tó wà nínú ike, tó ti pọ́n, tẹ́ ẹ fojú rí, òun ni kí ẹ rà.

ỌmọỌ̀ṣun:
Ọkàn mi ti balẹ̀ díẹ̀. Olùkọ́, ẹ ṣé. Ẹni tí ilé rẹ̀ bá wà létí odò gan-an, ìmọ̀ràn tèmi ni kó tilẹ̀ gbin koríko ọba. Òun náà rẹwà tó bá pọ̀, ẹ ó sì rí ewé tíì mu.

ÌyàwóKáfíńtà:
Èmi gbin Rubrum méjì sẹ́yìn ilé ẹ̀gbọ́n mi ní Dàda Estate, ọ̀kan lábẹ́ máńgòrò, ọ̀kan níbi tí oòrùn ti ń pa á. Èyí tó wà lábẹ́ máńgòrò ò kú, àmọ́ ewé rẹ̀ ti ń yí sí aláwọ̀ ewé, igi rẹ̀ sùn sílẹ̀, kò sì yọ ju ìrù kan tàbí méjì lọ. Èkejì pọ́n rokoṣo. Ẹ wo ibi tí oòrùn ń dé kí ẹ tó gbẹ́ ihò.

OlódòdóAyétòrò:
Òtítọ́ ni wọ́n sọ. Oòrùn ló ń kun àwọ̀ yẹn. Ó kéré tán, kí oòrùn bá a fún wákàtí mẹ́fà lójúmọ́.

Ní ti gbígbìn, ẹ dúró de ìgbà tí òjò bá ti fìdí múlẹ̀. L'Óṣogbo níbí, òjò àkọ́rọ̀ nínú oṣù kẹta lè tanni jẹ, á rọ̀ lẹ́ẹ̀kan, á tún dá wọ́ọ́. Oṣù kẹrin sí ìkarùn-ún ló dáa jù. Ẹ má gbìn ín sí ibi tí omi òrùlé ń dà sí tàbí ibi tí ọ̀gbàrá ń dúró sí, ìdí rẹ̀ á rà. Tí ilẹ̀ yín bá jẹ́ ilẹ̀ pupa líle tó kún fún òkúta wẹ́wẹ́, ẹ gbẹ́ ihò náà fẹ̀ ju ike lọ dáadáa, kí ẹ po ewé jíjẹrà mọ́ ilẹ̀ tí ẹ gbẹ́ jáde kí ẹ tó dà á padà. Bí ọrùn rẹ̀ ṣe wà nínú ike ni kó wà nínú ilẹ̀, ẹ má rì í wọlẹ̀. Ẹ fi bí ìdajì mítà sí mítà kan sáàárín wọn. Ẹni tó bá gbìn wọ́n há mọ́ra nítorí ó fẹ́ kó tètè kún, ọdún kejì ni yóò máa hú u.

Ìgbẹ́ adìyẹ àti fọ́tílísà, ẹ rọra. Tó bá jẹun jù, ewé á pọ̀, igi á rọ̀, òjò kan á sì tẹ́ ẹ mọ́lẹ̀. Omi, ẹ bu fún un lọ́sẹ̀ méjì mẹ́ta àkọ́kọ́ tí òjò ò bá rọ̀. Tó bá ti fẹsẹ̀ múlẹ̀ tán, á fara da ẹ̀ẹ̀rùn, á kàn gbẹ lókè ni.

BàbáElẹ́ran:
Ẹ fi ti ejò kún un, torí wọ́n ti fi dẹ́rù ba obìnrin náà. Eku ni ejò ń bá lọ sínú koríko, òkú ewé tó dì mọ́ ìdí koríko ló sì ń fa eku. Kí ọyẹ́ tó mú dáadáa, ẹ máa fi ọwọ́ tàbí réèkì ya àwọn ewé gbígbẹ kúrò nídìí rẹ̀. Iná ìgbẹ́ inú oṣù kìíní kì í béèrè ilé onílé, nítorí náà ẹ má jẹ́ kí koríko gbígbẹ wà nítòsí fẹ́ǹsì tó bá jẹ́ pé pápá ló wà lẹ́yìn yín.

OlódòdóAyétòrò:
Ẹ ṣeun, sà. Nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn bá ń parí lọ, nínú oṣù kejì, ẹ fi okùn di gbogbo rẹ̀ pọ̀ láàárín, ẹ wá fi ọ̀bẹ mímú tàbí àdá gé e, kó ku bí ìbú ọwọ́ kan ààbọ̀ sílẹ̀. Okùn yẹn á jẹ́ kó bọ́ ní odindi, ẹ ò ní máa ṣa ewé káàkiri. Ewé tuntun tó máa jáde á pọ́n ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Lẹ́yìn ọdún bíi méjì sí mẹ́ta, àárín rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ, etí rẹ̀ nìkan ni yóò máa hù. Ẹ hú u nígbà òjò, ẹ fi ṣọ́bìrì mímú là á sí mẹ́rin, ẹ sọ àárín tó ti kú nù, kí ẹ gbin etí rẹ̀. Ẹ ti sọ ọ̀kan di mẹ́rin láìná kọ́bọ̀.

ÌyáÒkèFìà:
Olúwa á bá mi san oore yín. Mo ti pa á tì pé màá ra èyí tó wọ́n. Ìbéèrè kan ló kù: ọmọ mi fẹ́ kọ orúkọ àwọn òdòdó sára pákó kéékèèké fún iṣẹ́ ilé ìwé rẹ̀. Orúkọ wo ni kó kọ síbẹ̀?

Olùkọ́Ewéko:
Kó kọ Cenchrus, kó wá kọ Pennisetum sábẹ́ rẹ̀ ní lẹ́tà kékeré. Orúkọ tuntun yẹn ni Kew, ọgbà ewéko ńlá tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù, ń lò, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ olódòdó àti ọ̀pọ̀ ìwé ló ṣì ń kọ ti àtijọ́. Tó bá wá a lórí Google, kó fi orúkọ méjèèjì wá a. Tó bá sì ṣeé ṣe, ẹ jẹ́ kó já ìrù èèsún kan àti ìrù Rubrum kan lọ sílé ìwé, kó bọ́ hóró wọn sórí bébà funfun níwájú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Wọn yóò rí irun náà fúnra wọn.

ÌyáÒkèFìà:
Ó ti gbọ́. Ó ní òun fẹ́ mọ ibi tí òun ti máa rí karangiya kó lè pé mẹ́ta.

ÀgbàÒkèBáálẹ̀:
Ẹ sọ fún un kó fọkàn balẹ̀. Àbúrò mi ń bọ̀ láti Sókótó lóṣù tó ń bọ̀, màá ní kó bá a ṣa díẹ̀ sínú páálí. Kí wọ́n fi nǹkan mú un o, kí wọ́n má fi ọwọ́ lásán dì í.